Bí Rìnṣinṣin Ṣe Gba Orúkọ Rẹ̀ Padà Lórí Ayélujára

Àǹtí Oníbàtà ń fi ọ̀bẹ ha ère ẹsẹ̀ ọmọdé kan nígbà tí ìyá kan já wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Sìmẹ́ńtì funfun ni wọ́n fi mọ ère náà, kò sì gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ti ha gìgísẹ̀ tán. Ó ku ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ sínú, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Bí ọ̀bẹ bá ṣìnà díẹ̀ níbẹ̀, bàtà tí wọ́n bá rán lé e lórí yóò máa gún ọmọ náà. Nítorí náà, kò gbójú sókè.

“Ẹ jókòó, ìyá ọmọ. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán.”

“Mi ò jókòó,” ni ìyá náà dáhùn. Ó ju bàtà kékeré méjì sórí tábìlì, eruku funfun sì bù sókè. “Ẹ wo ohun tí ẹ tà fún mi.”

Àǹtí Oníbàtà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so bàtà méjèèjì pọ̀, bí ó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n irin náà ti wọ́, awọ inú bàtà sì le bí èèpo igi. Ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n tẹ orúkọ kan sí i lára: Rìnṣinṣin.

Orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Irú bàtà kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bí wọ́n bá bí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ sínú, dókítà yóò máa tọ́ ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá tọ́ tán, ọmọ yóò máa wọ bàtà Rìnṣinṣin kí ẹsẹ̀ má baà padà síbi tó ti wá. Ìyá tó bí Àǹtí Oníbàtà ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìyá Àgbà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí lójoojúmọ́, tí ó ń fi ìka wá àléébù lára ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá rán.

“Màmá, ẹ bá wa fọwọ́ kan èyí.”

Ìyá Àgbà fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán náà. “Ta ló rán pàǹtí yìí?”

“Ẹ̀yin ni,” ni ìyá ọmọ wí. “Orúkọ yín ló wà lára rẹ̀. Orí ìkànnì yín ni mo ti rà á.”

Ó na fóònù rẹ̀ sí wọn. Àbúrò Àǹtí Oníbàtà lọ́kùnrin, tí wọ́n ń pè ní Gọ́ọ̀mù nítorí pé òun ló ń lẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà, nu ọwọ́, ó sì gbà á. Àwòrán Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rí, tó wọ gíláàsì ojú rẹ̀, tó gbé bàtà lọ́wọ́. Àwòrán náà kì í ṣe irọ́. Inú ilé iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti yà á. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ní kí òbí yan ọjọ́ orí ọmọ, kí ó sanwó, kí ó sì máa retí bàtà nílé. Lókè pátápátá, níbi tí àdírẹ́sì ìkànnì máa ń wà, Rìnṣinṣin ló wà níbẹ̀.

“Wọ́n ní kí ìyá ọmọ yan ọjọ́ orí,” ni Gọ́ọ̀mù kà síta.

“Ọjọ́ orí?” ni Ìyá Àgbà bi í. “Ṣé ọjọ́ orí ló ń wọ bàtà ni?”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àǹtí Oníbàtà ń wo ẹ̀yìn ìyá náà. “Ọmọ ọ̀hún rèé?”

“Òun nìyẹn.”

Wọ́n sọ ọmọ náà kalẹ̀. Egbò wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó pupa, ó sì tutù. Àǹtí Oníbàtà fi omi lílọ́wọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, ó fi aṣọ mímọ́ bò ó, ó ní kí ìyá náà gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kó tó délé. Bí egbò náà bá jinná, kí ó padà wá kí àwọn mọ ère ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ tà á lóòótọ́?”

“Àwa kọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ wa lẹ gbẹ́kẹ̀ lé tí ẹ fi rà á, ọ̀rọ̀ náà sì ti di tiwa.”

Báwo ni àlejò ṣe wọ inú orúkọ wọn, tó sì jókòó? Àṣìṣe ọwọ́ ara wọn ni. Ìyá Àgbà ní òfin kan tó ti ń darí ilé iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ohun tí kò bá kan awọ, kò kàn wá. Òfin náà ló jẹ́ kí iṣẹ́ wọn dára, nítorí wọn kì í fi àkókò ṣòfò sórí ohun mìíràn. Òun kan náà ló kó bá wọn. Nígbà tí ó tó àkókò láti ní ìkànnì, wọ́n ní kò kan awọ. Wọ́n gbé e lé ayàwòrán tó wá ya bàtà wọn lọ́wọ́, pé kó bá wọn ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ṣe é dáadáa. Kò sí ẹni tó bi í léèrè orúkọ ẹni tó fi gbà á.

Gọ́ọ̀mù pè é lórí fóònù. Igbe adìyẹ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti fi kámẹ́rà sílẹ̀ o. Adìyẹ ni mò ń sìn báyìí.”

“Ìkànnì tí o ṣí fún wa ńkọ́?”

“Èyí wo nínú rẹ̀? Áà. Orúkọ mi ni mo fi gbà á nígbà yẹn, kó lè yá. Ṣé ẹ ti tún un san ni?”

“Báwo la ṣe máa tún un san? Ta ló sọ fún wa?”

“Wọ́n máa ń kọ̀wé sí ímeèlì mi bí ó bá ti fẹ́ parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò ṣí ímeèlì yẹn mọ́ láti ìgbà tí mo ti wọ iṣẹ́ yìí. Adìyẹ kì í kọ ímeèlì, Ẹ̀gbọ́n.”

Àkókò orúkọ náà ti parí láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹnìkan tí wọn kò mọ̀ rí ti yára gbà á. Láti ọjọ́ náà ni Gọ́ọ̀mù ti sọ ọ́ ní Agbórúkọsá.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Dókítà Eegun fúnra rẹ̀ wá sí ilé iṣẹ́. Òun ló ń rán àwọn ọmọ láti ilé ìwòsàn wá sọ́dọ̀ wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé.

“Àǹtí, kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo mọ́. Mo ti rí àwọn mìíràn, egbò kan náà, bàtà kan náà. Mo mọ ọwọ́ yín. Mo sọ fún wọn nílé ìwòsàn pé èyí kì í ṣe tiyín. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá mi ní orúkọ Rìnṣinṣin ló wà lára bàtà, Rìnṣinṣin náà ló wà lórí ìkànnì. Wọ́n ní kí n má rán ọmọ kankan wá síbí títí tí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi yanjú.”

“Bí kò bá yanjú ńkọ́?”

“Wọ́n á wá oníbàtà mìíràn.” Ó wo ilẹ̀. “Mi ò mọ irú ẹni tí wọ́n máa rí o. Ẹ ṣe é kíá.”

Láìsí ilé ìwòsàn, kò sí ọmọ. Láìsí ọmọ, kò sí ilé iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń bá jà kò ju orúkọ kan lọ, ṣùgbọ́n orúkọ náà ló gbé gbogbo yòókù dúró.

Gọ́ọ̀mù kò lè mú un mọ́ra. Ó kọ̀wé sí àdírẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ ìkànnì náà. Èsì dé kíákíá, ó sì tutù bí omi inú ìkòkò: bí wọ́n bá fẹ́ orúkọ náà, kí wọ́n wá rà á. Iye tí Agbórúkọsá dárúkọ lè tún gbogbo ilé iṣẹ́ náà kọ́ láti ìpìlẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká yá owó, ká fún un,” ni Gọ́ọ̀mù wí. “Tàbí ká yí orúkọ wa padà, ká fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún un.”

“Tiẹ̀?” Ìyá Àgbà yíjú sí i. “Ẹni tó wọlé mi, tó wọ bùbá mi, ìwọ wá ní kí n fi bùbá rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Gọ́ọ̀mù, ṣé o ti ń fa gọ́ọ̀mù yẹn símú ni?”

“Màmá, mo kàn ń wá ọ̀nà ni.”

“Wá ọ̀nà mìíràn. Èmi kọ́ ni mo jalè.”

Ọ̀nà náà wọlé ní ọjọ́ kejì, ó di ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ mú. Agbẹjọ́rò ni obìnrin náà. Ọmọ rẹ̀ ti wọ bàtà Rìnṣinṣin láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọwọ́. Ó ti ń sáré báyìí lọ́sàn-án, bàtà tó tóbi sí i tí yóò máa wọ̀ sùn ni wọ́n wá wọ̀n. Àǹtí Oníbàtà ń wọn ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì ń ro ẹjọ́ fún ìyá rẹ̀ bó ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Lọ́yà gbọ́ ọ dé òpin. “Ṣé ẹ ti san ohunkóhun fún un?”

“Rárá.”

“Ẹ má san án. Bí ẹ bá ra èyí, yóò gba òmíràn tó jọ ọ́ lọ́la, yóò tún wá tà á fún yín. Ṣé ẹ bú u?”

Àǹtí Oníbàtà wo àbúrò rẹ̀.

“Díẹ̀,” ni Gọ́ọ̀mù wí. “Mo kàn kí ìdílé rẹ̀.”

“Ẹ má kí wọn mọ́. Ìwé tó kọ pé kí ẹ wá ra orúkọ ara yín lọ́wọ́ òun, ẹ má pa á rẹ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ẹ̀rí yẹn fún wa.”

“Ṣùgbọ́n Lọ́yà, ó ti gbà á ná,” ni Àǹtí Oníbàtà wí. “Àwa la jẹ́ kó bọ́.”

“Ẹ jẹ́ kó bọ́ lóòótọ́. Orúkọ ojúlé lórí ayélujára kì í ṣe ohun tí à ń rà pa. À ń gbà á fún ìgbà kan ni, bí ẹni yá ilé. Bí àkókò bá pé tí a kò tún san, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣọ́ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹni tó gba ojúlé kò tíì di ẹni tó ni orúkọ. Nígbà tó ń gbà á, ó ti fọwọ́ sí àdéhùn pé bí ẹni tó ni orúkọ lóòótọ́ bá pe òun lẹ́jọ́, òun yóò jẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tó ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Orí ímeèlì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ kò ní wọ mọ́tò lọ sí kóòtù kankan.”

“Kí ni wọ́n máa bi wá?”

“Ohun mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gbọ́dọ̀ pé. Wọ́n á béèrè bóyá orúkọ ojúlé náà jọ àmì òwò yín débi tó lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ìyẹn kò le. Wọ́n á béèrè bóyá ẹni tó gbà á ní ẹ̀tọ́ kan sí i. Wọ́n á sì béèrè bóyá èrò burúkú ló fi gbà á, tó sì fi ń lò ó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣubú sí ni àmì òwò. Ṣé ẹ ti forúkọ Rìnṣinṣin sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba?”

Gọ́ọ̀mù àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ìyá wọn.

“Kí ẹ̀yin méjèèjì tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọn ikun ni mo ti forúkọ yẹn sílẹ̀,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ṣebí òun la ń tẹ̀ sára bàtà?”

“Ó kan awọ,” ni Gọ́ọ̀mù wí jẹ́jẹ́.

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. “Ọpẹ́ ni fún awọ.”

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gidi. Gọ́ọ̀mù ya àwòrán gbogbo ojú ewé ìkànnì ayédèrú náà, ó rí i pé ọjọ́ tí òun yà á hàn lára rẹ̀. Àǹtí Oníbàtà gba bàtà ayédèrú lọ́wọ́ àwọn òbí, ó so orúkọ ẹni tó mú un wá mọ́ ọ lára. Wọ́n fẹjọ́ sun ọlọ́pàá nítorí ọmọ tó fara gbọgbẹ́. Wọ́n kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tí Agbórúkọsá ti forúkọ ojúlé náà sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n má jẹ́ kó gbé e fún ẹlòmíràn. Wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn: Rìnṣinṣin kì í ta bàtà fún ọmọ tí kò bá rí. Lọ́yà ko gbogbo rẹ̀ jọ, ó sì gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀.

Èsì Agbórúkọsá dé. Lọ́yà mú un wá, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

“Ó gbọ́n,” ni ó wí. “Kò sọ pé òun kò mọ̀ yín. Ó ní oníbàárà yín ni òun. Ó ní òun máa ń ra bàtà lọ́wọ́ yín lọ́pọ̀, òun sì ń tà á fún àwọn tó jìnnà. Ó ní ẹni tó bá ń ta ọjà ènìyàn lè fi orúkọ ọjà náà polówó.”

“Irọ́ ni,” ni Gọ́ọ̀mù wí.

“Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ìgbìmọ̀ máa ń gbà fún ẹni tó ń ta ojúlówó ọjà, tó sì sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á gbọ́, ẹ̀tọ́ ti dé ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ ti fún wa láyè láti fèsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ni a máa fi hàn wọ́n pé ẹ kò tà fún un rí?”

Gọ́ọ̀mù rò pé ó ti tán. Àǹtí Oníbàtà tún bi Lọ́yà léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ó ní lọ́pọ̀?”

“Lọ́pọ̀ ni. Ó ní òun kó wọn pamọ́ sí ilé ìkẹ́rùsí.”

Àǹtí Oníbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Lọ́yà fi wo Gọ́ọ̀mù bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

“Lọ́yà, ẹ wá wo ẹ̀yìn ilé wa,” ni Àǹtí Oníbàtà wí.

Òkìtì sìmẹ́ńtì funfun ló wà lẹ́yìn ilé náà, ìka ẹsẹ̀ kéékèèké ń yọ níhìn-ín, gìgísẹ̀ ń yọ lọ́hùn-ún. Gbogbo rẹ̀ ti fọ́.

“Ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan la fi ń mọ ère tirẹ̀. Orí ère yẹn la ti ń rán bàtà. Bí bàtà bá tán, à ń fọ́ ère, nítorí ẹsẹ̀ náà kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Kò sí bàtà Rìnṣinṣin tó lè wọ ọmọ méjì. Kò sí èyí tó sùn sínú ilé ìkẹ́rùsí rí. Àwọn ènìyàn ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé a kò lajú, pé a kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọjà. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: nínú gbogbo bàtà tó rà lọ́wọ́ wa, kí ó dárúkọ ọmọ kan, ọ̀kan péré, tí a fi ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ère.”

Lọ́yà ti ń fi fóònù ya àwòrán òkìtì náà lóríṣiríṣi ọ̀nà.

Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò gùn. Dókítà Eegun fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un: láti ìgbà tí òun ti ń rán ọmọ lọ sí Rìnṣinṣin, wọn kò fi bàtà kankan ránṣẹ́ láìwọn ẹsẹ̀. Wọ́n so àwòrán bàtà ayédèrú mọ́ ọn, gbogbo wọn jọra bí ìbejì, egbò àwọn ọmọ náà sì jọra. Ní ìparí, Lọ́yà kọ ìbéèrè Àǹtí Oníbàtà síbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a.

Agbórúkọsá kò rí orúkọ ọmọ kankan dá.

Ọ̀sán ni ìdájọ́ náà dé. Àǹtí Oníbàtà ń fa awọ lórí ère nígbà tí Lọ́yà wọlé, fóònù lọ́wọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láìkíni. Orúkọ ojúlé náà jọ àmì òwò wọn. Ẹni tó gbà á kò ní ẹ̀tọ́ sí i, nítorí kò sí ọ̀nà tó lè gbà ra irú bàtà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀. Èrò burúkú ló fi gbà á: ó ta ayédèrú lábẹ́ orúkọ wọn, ó sì tún fẹ́ ta orúkọ náà fún àwọn tó ni ín. Ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e fún Rìnṣinṣin.

“Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i,” ni Ìyá Àgbà wí.

Lọ́yà tún un kà. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ bí ẹni ń fi ìka tọ ojú rírán, kò sì rí àléébù níbẹ̀.

“Ó dáa,” ni ó wí. “Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ.” Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ dìde, ó sì jó yí àga rẹ̀ ká, ó dì í mú kó má baà ṣubú. Gọ́ọ̀mù fi òòlù lu tábìlì fún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Dókítà Eegun kò dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ nígbà tó padà wá. Ó wọlé, òbí mẹ́rin tẹ̀lé e, oníkálukú gbọ́mọ dání. Ìyá tó ju bàtà sórí tábìlì wà lára wọn. Egbò ọmọ rẹ̀ ti jinná.

“Mo bínú sí yín lọ́jọ́ yẹn,” ni ó wí.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ fún wa,” ni Àǹtí Oníbàtà dá a lóhùn. “Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ síbí. Sìmẹ́ńtì yìí ti fẹ́ gbẹ.”

Ìròyìn kì í ní ìyẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fò. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọlé. Wẹ́dà tó ń ṣe ibùsùn irin ló kọ́kọ́ dé, onídìrí tẹ̀lé e.

“Àǹtí, èmi kò lókìkí tó yín,” ni Wẹ́dà wí. “Ta ló fẹ́ jí orúkọ mi?”

“Ẹni tó bá rí i pé o ń tajà ni. Ta ló ni ìkànnì rẹ?”

“Èmi kẹ̀.”

“Orúkọ ta ni wọ́n fi gbà á?”

Wẹ́dà họ orí. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló bá mi ṣe é.”

“Ṣé o ṣì ń bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀?”

“Láti ọdún tó kọjá... Áà.”

“Lọ bẹ̀ ẹ́ lónìí,” ni onídìrí wí. “Mú nǹkan dání lọ.”

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, tí o ní ṣọ́ọ̀bù, ilé iṣẹ́, tàbí ọjà kan tí àwọn ènìyàn fi orúkọ mọ̀, má dúró dìgbà tí ìwọ náà yóò rí àgbákò. Forúkọ àmì òwò rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Òun ni ọwọ́ tí ìwọ yóò fi ja ìjà náà bó bá dé. Orúkọ ojúlé rẹ lórí ayélujára, orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ ni kó wà, kì í ṣe orúkọ ayàwòrán, kì í ṣe ti àna, kì í ṣe ti ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà. Ímeèlì tí ìkìlọ̀ ń wọ̀, rí i pé ó ju ẹnìkan lọ tó ń ṣí i. San án sílẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé. Bí agbára rẹ bá ká a, gba àwọn orúkọ tó sún mọ́ ọn kí ẹlòmíràn tó gbà wọ́n, sì máa wá orúkọ rẹ wò lórí ayélujára lóòrèkóòrè, bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn kó tó sùn.

Bí ẹnìkan bá ti wọ inú orúkọ rẹ ná, má sá, má bú u, má sì fi owó tù ú lójú. Kó ẹ̀rí jọ kí ó tó pa á rẹ́. Kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ, kí wọ́n má baà jìyà ohun tí wọn kò mọ̀. Wá agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ náà. Ọ̀nà ìdájọ́ wà, kò sì gùn tó bí ìbẹ̀rù ṣe ń jẹ́ ká rò.

Ìwọ oníbàárà náà, kí o tó sanwó lórí ìkànnì, pe ilé iṣẹ́ náà lórí nọ́ńbà tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà lójú ìkànnì yẹn. Bi wọ́n bóyá àwọn ni. Ìpè kan kò pọ̀ jù nítorí ẹsẹ̀ ọmọ.

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé orúkọ náà dé ọ̀dọ̀ wọn, Àǹtí Oníbàtà kò gbé iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kúrò nínú sìmẹ́ńtì, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, Lọ́yà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn kó má baà bá a tẹ̀ ẹ́. Ó fi orúkọ ilé iṣẹ́ sí ibi tí orúkọ ẹni tó ni ín máa ń wà. Ó fi ímeèlì ilé iṣẹ́ sí i, èyí tí òun àti Gọ́ọ̀mù yóò jọ máa ṣí. Ó yan páswọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kò lè fojú inú mọ̀. Ó sanwó rẹ̀ sílẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n gbà á láyè dé. Ó tẹ àgádágodo tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé orúkọ náà lọ láìjẹ́ pé wọ́n bi í léèrè.

Lẹ́yìn náà ló ṣí ìkànnì fúnra rẹ̀. Bàtà tí wọ́n ń fi ọjọ́ orí yàn ti lọ. Ìlà kan ṣoṣo ni ó kọ síbẹ̀ ná: Ẹ gbé ọmọ wá, kí a rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ó tán?” ni Gọ́ọ̀mù béèrè.

“Ó tán.”

Ó pa kọ̀ǹpútà náà, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kí ìyá rẹ̀ pé ó dàárọ̀, ó sì ń lọ sílé.